“Mi ò rí i” yàtọ̀ sí “kò sí”: bí a ṣe ń wá ìwé ìwádìí lórí iṣẹ́ Wẹ́fíà

Obìnrin kan tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Wẹ́fíà wá bá mi ní yàrá ìkàwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ó ti padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì dá lórí àwọn ọmọ tí òbí wọn fi ránṣẹ́ láti abúlé sọ́dọ̀ ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń kiri ọjà ní Wàsó àti Tákì lásìkò tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì. Ohun tó ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó jókòó, ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó ní, “Àbúrò, mo ti wá a títí, kò sẹ́ni tó tíì kọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí orí kìíní pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é.”

Mo ní kó fi bó ṣe wá a hàn mí. Ó fa fóònù yọ, ó ṣí Google, ó tẹ gbólóhùn gígùn kan síbẹ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu gan-an: problems facing children living with relatives and hawking in Ogbomoso. Ìròyìn inú ìwé ìròyìn ló jáde, pẹ̀lú fídíò kan, àti ojúlé kan tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ẹlòmíràn ti kọ. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ti rí i báyìí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì wá a o. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lẹ kàn, orúkọ tí wọn ò mọ̀ nínú ilé yẹn lẹ sì fi béèrè.”

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́, mo ti rí òṣìṣẹ́, kódà mo ti rí olùkọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “kò sí ìwé lórí ẹ̀” nígbà tó yẹ kó sọ pé “mi ò rí ìwé lórí ẹ̀”. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa pàdánù sì ni èyí tó kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ Wẹ́fíà ń pinnu ọ̀rọ̀ ayé ọmọ ọlọ́mọ: ṣé ká dá ọmọ yìí padà sílé ni, ṣé ká fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ṣé ká mú un lọ sílé ìtọ́jú ọmọ? Bí irú ètò tí a fẹ́ ṣe bá ti pa ọmọ lára níbòmíràn, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tiwa ló máa san gbèsè ìwé tí a ò wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí à ń wá nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lo yàrá ìkàwé kí kọ̀ǹpútà tó gbòde yóò rántí dúróà kéékèèké tí káàdì kún inú wọn. Orúkọ ẹni tó kọ ìwé wà lára káàdì, àkọlé ìwé wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi tò ó sórí pẹpẹ náà wà níbẹ̀. Káàdì kì í ṣe ìwé o; ó ń sọ fún ọ pé ìwé wà, ó sì ń sọ ibi tó wà. Dátábéèsì àkọsílẹ̀ ìwé ni dúróà yẹn tó di ńlá, tó wá wọ inú kọ̀ǹpútà. Dípò ìwé, àròkọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú rẹ̀, ló pọ̀ jù níbẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń gbé àṣamọ̀ dání, ìyẹn ìpínrọ̀ kékeré orí àròkọ tó sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rí. Nítorí náà, bí o bá tẹ àkọlé kan tí odindi àròkọ kò ṣí, dátábéèsì ò tàn ọ́ jẹ. Káàdì ló ní lọ́wọ́, káàdì náà ló sì fún ọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Google ni pé àwọn èèyàn kan ló jókòó pinnu jọ́nà tó máa wọlé àti èyí tí kò ní wọlé. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Google ń kó, ẹni tó ń ta ọjà àti ẹni tó ṣèwádìí sì jọ ń tò síbẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: wọ́n á ní “mo ti wá a lórí EBSCO”. EBSCO kì í ṣe dátábéèsì kan pàtó. Ṣọ́ọ̀bù ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ProQuest àti Ovid. Dátábéèsì kan náà, bíi PsycINFO ti àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, lè wà ní ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta, bí èlùbọ́ abúlé kan náà ṣe máa ń wà lórí àtẹ ìyá oníṣòwò mẹ́ta lọ́jà. Bí o bá fẹ́ sọ ibi tí o ti wá ìwé, orúkọ èlùbọ́ ni kí o kọ́kọ́ dá, kí o tó dárúkọ ìyá tó tà á.

Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ Wẹ́fíà ni Social Work Abstracts. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NASW, ló ni ín, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 1965. Social Services Abstracts náà wà, ASSIA sì wà pẹ̀lú. Owó ni gbogbo wọn; bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá san án, wọn ò ní ṣí fún ọ. Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó yàrá ìkàwé yín kí o tó gbà pé ẹ ò ní in, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń sanwó ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn ọ̀fẹ́ wà. PubMed ti ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ ti ìmọ̀ ìlera, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 35. ERIC jẹ́ ti ẹ̀kọ́. AJOL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, tó fìdí kalẹ̀ sí South Africa, ló ń kó jọ́nà tí wọ́n ń ṣe ní Áfíríkà jọ. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà tí àwọn dátábéèsì olówó gọbọi kò kà sí. Bí o bá ń ṣe iṣẹ́ lórí ìlú tiwa, tí o kò dé AJOL, ọ̀rọ̀ rẹ ò tíì pé. Google Scholar, ẹ̀ka Google tó ń wá ìwé ìwádìí, náà wà láti 2004. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kí ló kan òun kan PubMed, òun kì í ṣe dókítà. Ìbéèrè yẹn dára, torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ Wẹ́fíà wà. Ọmọ tó gbé igbá ọ̀sàn lórí ní Wàsó yẹn, gbogbo ayé ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láìmọ̀ pé ọmọ kan náà làwọn ń wò. Dókítà kọ ọ́ bíi ọmọ tí mọ́tò gbá tàbí ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ bíi ọmọ tí kì í wá sílé ìwé. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kọ ọ́ bíi òṣìṣẹ́ ọmọdé. Agbẹjọ́rò kọ ọ́ sábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003. Onímọ̀ àṣà kọ ọ́ bíi ọmọ tí ẹbí ń gbà tọ́. Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà nìkan ló ń rí gbogbo ẹ̀ pọ̀ lára ọmọ kan, ìdí nìyí tí ìwé rẹ̀ fi fọ́n káàkiri ilé àwọn ẹlòmíràn. Kódà, ní 2008, Gary Holden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ Social Work Abstracts wò, wọ́n sì rí i pé àlàfo wà nínú rẹ̀: àwọn àròkọ kan tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Dátábéèsì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ni mò ń sọ o. Ẹni tó bá dúró síbi kan ṣoṣo ti fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ, tí èmi kà sí ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọmọkùnrin kan ní agbo ilé yín. Ìyá ìyá rẹ̀ ń pè é ní Àkànní. Ìwé orúkọ ilé ìwé ní Sàmúẹ́lì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Under G ń pè é ní Sammy. Bí o bá lọ sí ilé ìwé tí o ní Àkànní lò ń wá, wọ́n á sọ fún ọ pé kò sí i. Wọn ò parọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Àkànní jókòó sí kíláàsì kejì, ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Báyìí gan-an ni dátábéèsì ṣe ń dáhùn. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ló ń fi wé ọ̀rọ̀ tó wà lára káàdì, bí wọn ò bá sì bára mu, kò sí i nìyẹn. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo pín ojú ìwé sí mẹ́ta. Mo ní kó kọ gbogbo orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè pe ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí sí apá kìíní, gbogbo orúkọ tí wọ́n lè pe ọjà kíkiri sí apá kejì, gbogbo orúkọ tí wọ́n lè pe ibi tí à ń sọ sí apá kẹta. A pa fóònù tì. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ṣe é, kò sì sí èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀.

Apá kìíní ló yà á lẹ́nu jù. Foster care ló kọ́kọ́ kọ. Mo ní kó dúró. Ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, foster care sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìjọba tàbí kóòtù gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí. Nílẹ̀ tiwa, ìyá ló fúnra rẹ̀ di ẹrù ọmọ, tó fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ pé “ẹ bá mi tọ́ ọ dàgbà”. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí àṣà yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń pè é ní child fostering tàbí fosterage. Bí o bá tẹ foster care nìkan, ọmọ Amẹ́ríkà ni wàá máa kà nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wàá sì máa rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ tìrẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ fosterage rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ nìyẹn. A tún kọ kinship care, a kọ child domestic worker, a kọ househelp àti house girl, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní ẹbí ní iwájú àlejò, ọmọ ọ̀dọ̀ ni lẹ́yìn ìkélé. Ní apá kejì, hawking, street trading, street vending, child labour. Ọmọ Nàìjíríà máa kọ labour, ará Amẹ́ríkà á kọ labor. Lójú ọ̀pọ̀ dátábéèsì, ọ̀rọ̀ méjì ni.

Apá kẹta, orúkọ ibi, ni àwa fúnra wa sábà máa ń gbójú fò. Ìlú wa yìí, Ogbomoso ni àwọn kan ń kọ, Ogbomosho ni àwọn mìíràn ń kọ, àtijọ́ ni ti kejì sì pọ̀ jù. Bí o bá tẹ ọ̀kan, o lè pàdánù èkejì. Shaki àti Saki, Oshogbo àti Osogbo, bákan náà ni. Àmì orí ọ̀rọ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ kì í sábà sí lára káàdì, nítorí náà, tẹ orúkọ ní ṣákálá. Ọ̀yọ́ tún ní ìyọnu tirẹ̀. Bí o bá tẹ Oyo, ìwé nípa Ìbàdàn máa rọ́ wá, torí Oyo State ni wọ́n kọ sí wọn lára. Òtẹ́ẹ̀lì àwọn ará Íńdíà tó ń jẹ́ OYO máa jáde. Oyo Butsuri, jọ́nà físíìsì àwọn ará Japan, náà lè yọjú. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ìlú Aláàfin á sì wà níbẹ̀ tí á máa lọ́ irun orí. Fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn nígbà gbogbo.

Ohun kan tún wà tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ibi yìí. Ọ̀pọ̀ dókítà àti olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú wa kì í dárúkọ ìlú náà lára àkọlé. “A tertiary hospital in South-West Nigeria” ni wọ́n máa kọ, bí ẹni pé ilé ìwòsàn náà kò ní àdúgbò. Ó lè jẹ́ ibi tí o ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni. Nítorí náà, Ogbomoso nìkan ò tó. Fi Nigeria sí i, fi Yoruba sí i, fi southwestern sí i, kí o sì ka inú àṣamọ̀ wò kí o tó sọ pé kò kan ìlú wa.

Lẹ́yìn orúkọ ni bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń so ó: AND, OR, NOT. Ọ̀gbẹ́ni George Boole, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1864, ni ìlànà yìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá, tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé AND inú dátábéèsì kì í ṣe “àti” tí à ń sọ lọ́jà. Bí mo bá ní kí o ra iṣu àti ẹ̀wà bọ̀, ẹrù á pọ̀ sí i. Nínú dátábéèsì, AND ń dín ẹrù kù ni.

Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Mo máa ní kí gbogbo obìnrin inú yàrá dìde. Bí ìdajì á dìde. Mo á ní, “Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ obìnrin, tí ẹ tún jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dúró, kí àwọn tó kù jókòó.” Ọ̀pọ̀ á jókòó. “Tí ẹ tún wọ gíláàsì ojú.” Ó lè ku ẹnì kan tàbí méjì ní ìdúró. AND nìyẹn: gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé sára ẹni kan náà. Mo á ní kí wọ́n jókòó pátá. “Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ obìnrin, tàbí tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí tó wọ gíláàsì, kó dìde.” Gbogbo yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán. OR nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é báyìí, n kì í ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Orúkọ tó jẹ́ ti nǹkan kan náà, OR ni kí o fi so wọ́n. Apá kan sí apá kejì, AND. Kí o sì fi àkámọ́ ká apá kọ̀ọ̀kan mọ́, kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbẹ̀yìn nìyí:

("child fostering" OR fosterage OR "kinship care" OR "domestic worker" OR househelp) AND (hawking OR "street trading" OR "child labour" OR "child labor") AND (Nigeria OR Yoruba OR Ogbomoso OR Ogbomosho)

Bí o bá yọ àkámọ́ kúrò, PubMed á máa ka ọ̀rọ̀ náà láti òsì sí ọ̀tún bó ṣe bá a, ohun tí á gbé wá á sì jìnnà sí ohun tí o ní lọ́kàn. PubMed tún fẹ́ kí o fi lẹ́tà ńlá kọ AND àti OR. Àmì àyọlò tó wà lára ọ̀rọ̀ alápapọ̀ ń sọ fún un pé kí ó má pín wọn níyà: "child labour" ló ń wá, kò fẹ́ child lápá kan kí labour wà ní òdìkejì, torí labour tún ni ìrọbí lójú àwọn agbẹ̀bí. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ láìní àmì àyọlò rí nínú PubMed mọ ohun tí ojú òun rí.

NOT, mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kọ NOT America láti lé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Àmọ́ àròkọ tó sọ pé “a fi Nàìjíríà wé Amẹ́ríkà” á bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an lè jẹ́ èyí tó dára jù. Fi í sílẹ̀ bí o bá lè fi í sílẹ̀.

Àmì ìràwọ̀ ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí gbòǹgbò wọn jọ jáde lẹ́ẹ̀kan: hawk* á mú hawker, hawkers àti hawking wá. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó lè ya wèrè mọ́ ọ lọ́wọ́. A dán foster* wò. Ó mú fostering àti fosterage wá lóòótọ́, ó sì mú gbogbo òǹkọ̀wé tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ Foster wá, pẹ̀lú gbogbo àròkọ tó kọ “to foster collaboration” sínú àṣamọ̀. Hawk* náà á mú ẹyẹ àṣá wá bí o kò bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn dè é. Nínú PubMed, o lè kọ [tiab] tì í lẹ́yìn kó lè wá a nínú àkọlé, àṣamọ̀ àti kókó ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yàn nìkan. Ìyẹn á lé àwọn Foster tó jẹ́ orúkọ èèyàn lọ.

Àwọn dátábéèsì ńlá ti gbìyànjú láti yanjú ìṣòro orúkọ yìí. Wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnukò: orúkọ kan tí wọ́n yàn fún nǹkan kan, tí wọ́n á fi sára gbogbo káàdì tó bá jẹ mọ́ ọn, ohun yòówù kí òǹkọ̀wé pè é. MeSH ni PubMed ń pe tirẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí olórí agbo ilé bá ní láti òní lọ, nínú ìwé ẹbí, Sàmúẹ́lì ni ká máa kọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Àkànní á sì rí i. Ṣùgbọ́n bi ọ̀rọ̀ àfẹnukò léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí o tó gbà á. Nínú MeSH, Child jẹ́ ọmọ ọdún 6 sí 12. Adolescent jẹ́ ọdún 13 sí 18. Aged bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 65. Àwa ní tiwa, ọmọ ọdún 16 tó ń bá ìyá kan ta ọjà, ọmọ ni. Bí o bá tẹ Child gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àfẹnukò nìkan, o ti lé ọmọ yẹn síta láìmọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo káàdì inú PubMed ni MeSH wà lára rẹ̀. Wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àfẹnukò, kí o tún wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òǹkọ̀wé, kí o sì fi OR so méjèèjì.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èsì mélòó ló dára. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń sẹ́ èlùbọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ò ní fi èlùbọ́ ṣòfò, ṣùgbọ́n hóró á bá a bọ́ sílẹ̀. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ há á fún ọ ní èlùbọ́ kíkúnná, ọ̀pọ̀ èlùbọ́ gidi á sì ṣẹ́kù sínú asẹ́. Bí o bá fẹ́ àròkọ mẹ́ta tó dára láti fi ran ìdílé kan lọ́wọ́ lọ́la, lo asẹ́ tó há. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò ṣe é rí, asẹ́ tó fẹ̀ ni, kí o sì gbà láti fi ọwọ́ ṣa hóró fún ọjọ́ méjì. Èyí ni ẹ̀gbọ́n ní láti ṣe, kò sì ráhùn.

Mo ní mò ń bọ̀ lórí Google Scholar. Èmi ò sí lára àwọn tó ń bú u. Ó gbòòrò, ó dé ibi tí àwọn mìíràn ò dé, ó sì ń rí iṣẹ́ tí yunifásítì kó sórí ojúlé tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní pàtó àwọn jọ́nà tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní fi ju 1,000 hàn ọ́ bí ó tilẹ̀ sọ pé òun rí ọ̀kẹ́ àìmọye. Má ṣe fi òun nìkan parí ọ̀rọ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni Cited by tó wà lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti rí àròkọ kan tó bá ọ̀rọ̀ rẹ mu gan-an, o ti rí ẹnì kan nínú agbo ilé náà. Ní kó mú ọ wọlé. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí lẹ́yìn jẹ́ àwọn bàbá rẹ̀. Tẹ Cited by, wàá sì rí àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n tọ́ka sí i. Nígbà mìíràn, ọ̀nà yìí máa ń mú ohun tí ọ̀rọ̀ títẹ̀ ò mú.

Ìròyìn iṣẹ́ UNICEF, ti NAPTIP (àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò), ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kì í sábà sí nínú dátábéèsì kankan. Ojúlé wọn ni wàá lọ, tàbí kí o wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Bí àròkọ kò bá ṣí, má sanwó kíákíá. Tẹ àkọlé rẹ̀ sínú Google Scholar, kí o wò ó bóyá PDF wà lápá ọ̀tún. Wo PubMed Central, tí ohun inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí kò bá sí, kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ọ́. Ímeèlì rẹ̀ sábà máa ń wà lára àṣamọ̀. Sọ orúkọ rẹ, ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ń dáhùn, inú wọn sì máa ń dùn pé ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ka iṣẹ́ àwọn.

Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí o ṣe ń ṣe é: orúkọ dátábéèsì, ọjọ́ tí o wá a, ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ láìyọ kọ́mà kan, iye tó jáde, iye tí o mú. Ẹni tó bá ní òun á rántí kì í rántí. Ìwé àjákọ ogójì ojú ewé ti tó.

Ẹ̀gbọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹ̀. Ó wá a ní ibi mẹ́rin, ó sì rí ìwé: nípa ọjà kíkiri, nípa ọmọ tí ẹbí ń gbà tọ́, nípa ọmọ ọ̀dọ̀. Ó mú orí kìíní rẹ̀ padà wá fún mi. Ó ti fi bírò fa ìlà gba àárín “kò sẹ́ni tó tíì kọ nǹkan kan”. Sókè ìlà náà ló kọ ọ́ sí pé òun wá a nínú àwọn dátábéèsì báyìí báyìí, ní ọjọ́ báyìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ báyìí, àti pé nínú èyí tí òun rí, èyí tó jókòó ti àwọn ọmọ náà fúnra wọn láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún padà wá, ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjì tuntun ti wọlé.